Ìdajì Sovereign

Ìdajì sovereign jẹ́ owó wúrà kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1817 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ irú tí a mọ̀ lónìí, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ń tún ètò owó ṣe lẹ́yìn ogun tí wọ́n bá Napoleon jà. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n ń ná an, odindi sovereign sì jẹ́ pọ́n-ún kan. (Nàìjíríà náà ná pọ́n-ún àti ṣílè títí náírà fi dé ní 1973, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Yorùbá kan ṣì fi ń pe náírà méjì ní pọ́n-ún kan.) Lóde òní, kò sẹ́ni tó ń fi ìdajì sovereign ra ọjà mọ́, nítorí wúrà inú rẹ̀ ti níye lórí ju ohun tí wọ́n ń ná an lọ fíìfíì. Àwọn tí wọ́n fẹ́ máa fi wúrà pa mọ́ díẹ̀díẹ̀, tí agbára wọn kò tíì ká ẹyọ ńlá, ló sábà máa ń rà á.

Wúrà káráàtì 22 ni. Bí a bá pín in sí 12, 11 jẹ́ wúrà, èyí tó kù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Bàbà yẹn ló mú kí ó le, torí ògidì wúrà rọ̀ jù fún owó tí ọwọ́ ń dì kiri. Gbogbo rẹ̀ wọn gíráàmù 3.99, wúrà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3.66, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 19.3.

Ohun tó yẹ kí olówó kékeré fara balẹ̀ wò jù lọ ni àlékún, ìyẹn owó tí oníṣòwò ń fi lé iye wúrà gan-an. Ká sọ pé gíráàmù wúrà kan jẹ́ £100. Wúrà inú ìdajì sovereign kan yóò jẹ́ £366. Bí oníṣòwò bá wá tà á ní £388, àlékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ £6 lórí £100 kọ̀ọ̀kan. Wàhálà rírọ ẹyọ kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ẹyọ ńlá, nítorí náà bí ẹyọ bá ṣe ń kéré sí i ni àlékún máa ń ga sí i. Ìdámẹ́rin sovereign tí Royal Mint, ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó Bìrìtéènì, mú jáde ní 2009 kò bọ́ lọ́wọ́ èyí, bẹ́ẹ̀ náà ni Krugerrand, owó wúrà ilẹ̀ South Africa, èyí tó jẹ́ ìdámẹ́wàá áúńsì, tí wúrà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3.11. Iye tí oníṣòwò máa fi rà á padà tún ṣe pàtàkì bákan náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Àlékún orí èyí tó ti pẹ́ sábà máa ń kéré sí ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bí kì í bá ṣe ọdún tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí wọ́n rọ láyé Ọbabìnrin Victoria, Edward Keje àti George Karùn-ún ṣì pọ̀ lọ́jà. Títí di 1893, asà ọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwòrán Jọ́ọ̀jì Mímọ́ tó ń bá dírágónì jà síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Benedetto Pistrucci, ará Ítálì tó ti ṣe é sára odindi sovereign láti 1817. Kì í ṣe London nìkan ni wọ́n ti rọ ọ́, lẹ́tà kékeré tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti wá: S dúró fún Sydney, M fún Melbourne, P fún Perth, àwọn ìlú Ọsirélíà, SA sì dúró fún Pretoria ní South Africa. London dáwọ́ dúró ní 1915, Pretoria ní 1926. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí wọ́n ṣe ní 1937 fún ìgorí ìtẹ́ George Kẹfà, ó di 1980 kó tó tún jáde. Llantrisant ní Wales ni Royal Mint ti ń rọ ọ́ báyìí.

Ayédèrú wà. Òṣùwọ̀n kékeré àti ohun tí a fi ń wọn ìbú àti nínípọn ló ń tú ọ̀pọ̀ wọn fó, nítorí wúrà wúwo ju òjé àti bàbà lọ dáadáa. Ayédèrú onírin lásán tí ìbú àti nínípọn rẹ̀ bá pé yóò fúyẹ́ jù. Èyí tí ìwúwo rẹ̀ bá pé yóò nípọn jù tàbí kí ó fẹ̀ jù. Ogbó náà máa ń jẹ lára ojúlówó: òfin owó ọdún 1870 gbà kí ìdajì sovereign wọn gíráàmù 3.96, kó má wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kúrò lára owó tí a lè ná.

Ní Bìrìtéènì, owó ìlú ṣì ni èyí tí wọ́n rọ láti 1837 lójú òfin, nítorí náà ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í san owó orí lórí èrè tó bá jẹ nígbà tó tà á. Wọn kì í sì í gba owó orí ọjà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdajì sovereign ni wọ́n ti fi ṣe òrùka àti ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn rí. Bí àmì ibi tí alágbẹ̀dẹ ti jó irin mọ́ ọn bá ṣì wà létí rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi nǹkan fọ̀ ọ́ títí ojú ọba fi parẹ́, iye wúrà inú rẹ̀ nìkan ni olùrà sábà máa ń san.