Kí ni àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìlú lè ṣe fún yín?

Ìbéèrè tí àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì wa sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ máa ti lánlọ́ọ̀dù mi mọ́lé?" Rárá o. Àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìlú kan ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé ẹjọ́. Òfin ìlú ló dá a sílẹ̀ láti gbógun ti fífi ẹ̀tọ́ du èèyàn níbi iṣẹ́ tàbí nínú ilé gbígbé nítorí irú ẹni tó jẹ́, ibi tí òfin yẹn bá sì gbé agbára rẹ̀ dé náà ló mọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹ̀tọ́ wọn bọ́ sọnù nítorí pé wọn ò mọ irú àjọ tó wà nílùú wọn.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju ìmọ̀ràn lọ: méyọ̀ tàbí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú á yan àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó oṣù, wọ́n á gbọ́ tẹnu aráàlú ní ìpàdé gbangba, wọ́n á sì kọ àbọ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Oríṣi kejì ní òṣìṣẹ́ tó ń wádìí ẹ̀sùn, ó lè ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kó ìwé rẹ̀ wá, ó sì lè pàṣẹ pé kó sanwó fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ti New York jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó lè bu owó ìtanràn tó tó 250,000 dọ́là lé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀.

Agbára yẹn kò dé lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1943, ọlọ́pàá yìnbọn lu sójà aláwọ̀ dúdú kan ní Harlem, àdúgbò kan ní New York, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí èèyàn 6 sì bá a lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni méyọ̀ ìgbà náà, Fiorello La Guardia, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti bá aráàlú wá ìrẹ́pọ̀. Ní 1955, ó di àjọ lábẹ́ òfin ìlú. Ní 1962, ó gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní.

Ẹ má fojú kékeré wo òfin ìlú. Lásìkò kan ní ìlú Pittsburgh, ìwé ìròyìn Pittsburgh Press máa ń ya ìpolówó iṣẹ́ sọ́tọ̀: iṣẹ́ ọkùnrin níhìn-ín, iṣẹ́ obìnrin lọ́hùn-ún. Kí obìnrin tó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ rárá, ó ti mọ àwọn iṣẹ́ tí wọn ò pe òun sí. Ní 1969, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń jẹ́ National Organization for Women gbé ẹ̀sùn lọ bá àjọ ìlú náà. Àjọ wádìí, ó ní kí wọ́n jáwọ́. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ̀, ó ní òmìnira oníròyìn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fa ẹjọ́ náà títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí adájọ́ 5 ti dá àjọ ìlú láre, tí 4 kò sì gbà, ní oṣù kẹfà ọdún 1973. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí. Òfin tí wọ́n fi jà, àwọn aṣòfin Pittsburgh ló ṣe é, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ní Washington.

Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ wa ni ìgbà tí ẹ̀sùn bá kan ìjọba ìlú fúnra rẹ̀. Owó oṣù wa, inú ètò ìṣúná ìlú ló ti ń wá. Síbẹ̀ ẹni tó wà níwájú wa lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ̀ka ìjọba kan yọ níṣẹ́ torí oyún. Lójú tèmi, àjọ tí méyọ̀ lè lé kọmíṣọ́nnà rẹ̀ dànù nígbàkúùgbà kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ó yẹ kí òfin dá iye ọdún tí wọ́n máa lò, kí àbọ̀ wọn sì jáde ní gbangba. Ẹ lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú yín, kí ẹ béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè gbéra. Fún ẹ̀sùn ibi iṣẹ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ EEOC fúnni ní ọjọ́ 180, tàbí 300 níbi tí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú bá ti ní òfin àti àjọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àjọ New York fúnni ní ọdún 1, àti ọdún 3 fún ìfìtínà nítorí jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Ní New York kan náà, ẹni tó bá ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ kò lè gbé e wá sọ́dọ̀ àjọ mọ́, nítorí náà ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yan èyí tí ẹ máa gbà. Ẹ tọ́jú lẹ́tà, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù àti orúkọ àwọn tó ṣojú wọn, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Tí ọ̀gá bá wá dín wákàtí iṣẹ́ yín kù, tàbí tí onílé kọ̀ láti tún ilé ṣe nítorí pé ẹ sun ẹ̀sùn, ẹ̀sùn tuntun nìyẹn lábẹ́ òfin. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.