Windows 10 ti kásẹ̀ ńlẹ̀: ṣé ìlù inú kọ̀ǹpútà wa náà ti parí?

Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Látìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe orin ní Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà ti ń gbọ́ pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ sórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nìyí.

Ṣé ìlù wà níbẹ̀?
Ó wà, ọ̀fẹ́ sì ni: Hydrogen àti DrumGizmo, áàpù méjì tó ń lu ìlù nínú kọ̀ǹpútà.

Mo gbé kíìtì sínú DrumGizmo, mo tẹ kíbọ́ọ̀dù orin, kò dún.
Fáìlì méjì ló ń bèèrè. Èkíní ni kíìtì, ìyẹn ohùn ìlù gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀. Èkejì ni midimap, tó ń sọ nọ́ńbà bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù tó ni ìlù kọ̀ọ̀kan. Láìsí èkejì, kò mọ ìlù tí ẹ ń pè. Nínú General MIDI, ìlànà nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ohun èlò orin ń lò, 36 ni kick (ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù), 38 ni snare (ìlù kékeré tó ń dún ṣákáṣáká), 42 ni hi-hat (àwo irin méjì) tó padé, 46 sì ni èyí tó ṣí.

Ó ń pẹ́ kó tó dún.
Ẹ dín bọ́fà kù, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka ohùn ní ìgbà 48000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (48000 Hz), bọ́fà 1024 ń fa ìdádúró bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 21. Ti 128 kò tó 3. Bí ohùn bá ń já, ẹ gbé e sí 256.

RAM (àyè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà) mi kéré ńkọ́?
Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Hydrogen.

Ìlù ilẹ̀ Okun wa ní Kogi kò sí nínú kíìtì wọ̀nyí.
Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Àmọ́ Hydrogen gbà kí ẹ ṣe kíìtì tiyín. Ẹ pe onílù, kí ẹ gba àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Ẹ wá yàrá tó dákẹ́, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Kó lu ohùn kan náà jẹ́jẹ́, kó lù ú níwọ̀nba, kó tún lù ú kíkankíkan, kí ohùn kọ̀ọ̀kan sì kú tán kó tó lu òmíràn. Ẹ gé wọn, kí ẹ tò wọ́n bí agbára ìlù ṣe ń ga sí i. Ẹyọ ohùn kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀ yóò dún bí aago. Dùndún ni kí ẹ má ṣe gé báyìí: ohùn rẹ̀ ń yí lábẹ́ ọwọ́ onílù, ẹ gba gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ lódidi.

Kíìtì tí mo fowó rà fún Kontakt, áàpù tó ń lu ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ńkọ́?
Kò sí Kontakt fún Linux. Èyí tó bá jẹ́ WAV (fáìlì ohùn) lásán yóò ṣiṣẹ́.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún?
Ẹ má pa Windows rẹ́ nígbà tí orin kan ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ ohùn kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sí WAV, kí ẹ sì kó wọn sí dírááfù mìíràn.