Kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ọwọ́ òsì ní Kípírù?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ háyà mọ́tò kiri erékùṣù Kípírù. Wọ́n ní ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni Gíríìsì àti Tọ́kì tó wà nítòsí wọn ń gbà. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wọn. Ọdún 1878 ni àkóso erékùṣù náà bọ́ sọ́wọ́ wọn, ó sì di 1960 kí ó tó gba òmìnira, ọdún kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Àwọn àgbà wa á rántí pé òsì ni àwa náà ń gbà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Aládùúgbò ló mú wa yí padà: ọ̀tún ni gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà ń gbà, awakọ̀ tó bá ti Sẹ̀mẹ́ kọjá sí Kútọnu nígbà náà ní láti pààrọ̀ ọwọ́. Omi ló yí Kípírù ká ní tirẹ̀. Ta ni yóò fòró wọn?

Ìbéèrè: Ṣé kò ní ṣòro fún mi?

Ìdáhùn: Kì í ṣe lójú ọ̀nà ńlá, bí èyí tó lọ láti Nicosia sí Limassol, torí mọ́tò iwájú ni ẹ óò máa tẹ̀ lé. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ bẹ̀rù, nígbà tí ọ̀nà bá dá tí ẹ sì ń yọ mọ́tò jáde nílé: ọwọ́ yóò fẹ́ dà á sí ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ sún mọ́ àárín títì. Pupa ni nọ́ńbà mọ́tò háyà níbẹ̀, àwọn ará ìlú á ti mọ̀ pé àlejò ni yín. Inú mi dùn sí ètò yẹn gan-an.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè wakọ̀ tọ ọ̀nà Pọ́ọ̀lù àti Bánábà, láti Sálámì dé Páfò?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ló ta kókó. Láti 1974 ni erékùṣù náà ti pín sí méjì. Àríwá ni àwókù Sálámì wà, nítòsí Famagusta. Gúúsù ni Páfò. Ìwé adójútòfò tí wọ́n bá fún yín ní gúúsù parí sí ẹnu ààlà. Ẹ óò ra òmíràn níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ohun tí ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn nìkan ló ń sanwó fún. Bí mọ́tò háyà fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́ tàbí tó fọ́, àpò yín ni. Bó bá jẹ́ èmi, màá gbé e kalẹ̀ sí Nicosia, màá fẹsẹ̀ kọjá ààlà ní òpópónà Ledra pẹ̀lú ìwé ìrìnnà mi, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Famagusta.