Bí Ìlú Ṣe Dé Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Tábìlì

Nínú eré ọkọ̀ ojú irin kékeré orí tábìlì, ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ìlú kékeré tí wọ́n ń kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó bá a. Lọ́dún 1891, ilé iṣẹ́ Märklin ti Jámánì pàtẹ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré níbi ọjà ńlá Leipzig. Ìwọ̀n tí wọ́n ti yàn kalẹ̀ ni wọ́n fi ṣe irin rẹ̀, ẹni tó bá ra díẹ̀ lónìí lè ra kún un lọ́la, kó sì so wọ́n pọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ wọ̀nyẹn tóbi. Bí irin bá ti yí yàrá po, ibo la fẹ́ kọ́ ilé sí?

Ìgbà tí ọkọ̀ kéré sí i ni àyè yọ. Èyí tó gbòde jù lónìí ni HO, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti ọkọ̀ gidi. Ilé alájà tó ga ní mítà 35 á wá di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40, ó ti gba orí tábìlì nìyẹn. Lọ́dún 1935, wọ́n dá NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣe lè bá irin ẹlòmíràn mu.

Lójú tèmi, ìdọ̀tí ló sọ ìlú náà di ìlú. John Allen, tó kọ́ irú ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ ní Monterey ní California, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ àti ilé wọn gbó, kí wọ́n dógùn-ún. Iná jó púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1973, kété lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Lọ́dún 1985, George Sellios bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Massachusetts: ìlú àsìkò ọ̀wọ́n owó ọdún 1930 sí 1939, tí ilé há mọ́ra wọn gádígádí.

Ẹ wo ògiri bíríkì kan ṣoṣo nínú irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á kùn ún ní pupa tó ti ṣá. Wọ́n á da ọ̀dà funfun tí wọ́n ti là sí i, wọ́n á sì nù ún kíákíá, kó lè ṣẹ́ kù sáàárín bíríkì bíi sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á fi sáńpépà ha ẹ̀yìn bébà ìpolówó títí á fi fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Bébà náà á rì sínú ìlà bíríkì, á dà bíi pé ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí láti ogún ọdún.

Àwọn ilé yìí tún ń bo irin mọ́lẹ̀. Òbìrípo kékeré ni ọkọ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ó wọ ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù, ó pẹ́ díẹ̀, ó tó yọ lábẹ́ afárá lódìkejì, ojú wa sì gbà pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀.