Odò Ńlá tí wọ́n sọ di Mackenzie

Kí òyìnbó kankan tó fojú kan odò yìí ni ó ti lórúkọ. Àwọn Dene tó ń gbé etí rẹ̀ ń pè é ní Dehcho, ìyẹn Odò Ńlá. Àwọn Inuvialuit, níbi tó ti ń wọ òkun, ń pè é ní Kuukpak. Ìtumọ̀ kan náà ni. Ta ló máa rí i tí kò ní pè é bẹ́ẹ̀? Láti Adágún Great Slave ní àríwá Kánádà títí dé Òkun Akitíìkì, ó lé ní 1,700 kìlómítà.

Orúkọ tó wà lórí máàpù lónìí jẹ́ ti ẹnì kan tí kì í ṣe odò yìí ló ń wá. Ọmọ Scotland ni Alexander Mackenzie, awọ ẹran onírun ló ń ṣòwò rẹ̀. Peter Pond, ẹni tó bá lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ti ya máàpù kan pé omi tó ń jáde láti inú adágún náà ń gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí Òkun Pàsífíìkì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọjà tuntun ti là nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1789 ni Mackenzie àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbéra ní Fort Chipewyan, ibùdó òwò wọn. Awgeenah wà pẹ̀lú wọn, olórí kan láàrin àwọn Chipewyan, tí òyìnbó ń pè ní English Chief. Òun ni ògbifọ̀. Àwọn obìnrin tó bá wọn lọ ń rán bàtà awọ láìsinmi, torí bàtà kan kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ lẹ́sẹ̀ wọn.

Yìnyín ṣì bo adágún nígbà tí wọ́n débẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí odò wọ̀, ìwọ̀-oòrùn ló kọ́kọ́ forí lé, inú Mackenzie sì dùn. Àfi bí òkè ńlá ṣe dínà, tí odò ṣẹ́rí sí àríwá, tí kò sì padà mọ́. Ó mọ̀ pé kì í ṣe Pàsífíìkì, síbẹ̀ ó ń lọ.

Ní erékùṣù kan lẹ́nu odò, omi kún lóru, àwọn èèyàn rẹ̀ fò dìde láti gbé ẹrù sókè. Wọ́n rí ohun funfun lójú omi, wọ́n ṣe bí yìnyín ni; àṣé àbùùbùtán ni. Omi tún kún. Ìgbà yẹn ló yé e pé òkun ló ń kún tó ń fà. Ó ri òpó kan mọ́lẹ̀, ó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i, ó yíjú padà. Ọjọ́ 102 ni wọ́n lò lálọ àtàbọ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ó pè é ní Odò Ìjákulẹ̀. Kò sí irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tó jáde ní 1801. Odò Ńlá ni àwọn oníṣòwò pàápàá ń pè é. John Franklin, òyìnbó arìnrìn-àjò tó gba ibẹ̀ kọjá ní 1825 lẹ́yìn tí Mackenzie ti kú, ló bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú orúkọ yẹn, kí wọ́n fi ti Mackenzie pè é. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: Ọya tiwa ni Niger wọn.

Ní 2012, wọ́n ṣí afárá lórí odò náà nítòsí Fort Providence. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nígbà òtútù, tírélà ń gba orí yìnyín. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ń yọ́, kò ní gba tírélà, kò sì ní gba ọkọ̀; ọjà á sì gbówó lórí ní Yellowknife, ìlú tí ọ̀nà yẹn ń lọ. Orúkọ tí wọ́n fún afárá náà ni Deh Cho.