Parthenocarpy: ìdí tí ọ̀pọ̀tọ́ kan fi ń so láìdúró de agbọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọ̀pọ̀tọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń béèrè nípa ajílẹ̀ àti omi. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: ṣé irú èyí tí mo fẹ́ rà yìí lè so láìsí agbọ́n? Ọ̀pọ̀tọ́ tí mò ń wí ni Ficus carica, èyí tí Bíbélì ń dárúkọ, tí Ọlọ́run sì fi búra ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà At-Tīn. Kì í ṣe ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó ilé wa tí èso rẹ̀ máa ń so mọ́ ìtì igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀pọ̀tọ́ tútù kan sí méjì. Àwọn fọ́nrán pupa wẹ́wẹ́ tó kún inú rẹ̀ yẹn, òdòdó ni wọ́n, lọ́gọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún. Inú ni igi yìí ń tanná sí, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í rí òdòdó lórí ẹ̀ka rẹ̀. Ihò kékeré kan wà ní ìdí èso náà, ibẹ̀ nìkan ni ẹnu ọ̀nà. Agbọ́n tíntìntín kan, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, ló mọ bí wọ́n ṣe ń gba ibẹ̀ wọlé.

Inú ọ̀pọ̀tọ́ akọ, tí àwọn olóko ń pè ní caprifig, ni wọ́n ti ń bí agbọ́n yìí. Abo rẹ̀ á jáde tòun ti ìyẹ̀ òdòdó lára, ìyẹn ìyẹ̀fun tí òdòdó akọ fi ń mú kí òdòdó abo di èso, á máa wá èso mìíràn tí yóò yé ẹyin sí. Bó bá ṣe kòńgẹ́ èso igi abo, ìyẹ́ apá rẹ̀ á já lẹ́nu ihò níbi tó ti ń fi tipátipá wọlé. Kò tún ní rí ẹyin yé, nítorí ọrùn òdòdó ibẹ̀ ti gùn jù fún un, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ tó gbé wá ti kan òdòdó, èso á sì dúró títí yóò fi pọ́n.

Bí agbọ́n kò bá wá ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1880, àwọn àgbẹ̀ California ní Amẹ́ríkà kó ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ Smyrna, irú tí èso rẹ̀ kì í dúró láìsí agbọ́n, wọlé láti Tọ́kì. Igi mú, ó gbilẹ̀, ó so, àmọ́ èso á rọ, á sì já bọ́ kó tó pọ́n. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé ṣe ni àwọn ará Tọ́kì lù wọ́n ní jìbìtì. Agbọ́n ni kò sí. Ọdún 1899 ni agbọ́n tí Walter Swingle, onímọ̀ nípa ewéko ọmọ Amẹ́ríkà, fi ránṣẹ́ láti Algeria rí ibi fìdí kalẹ̀ sí ní Fresno ní California, lóko àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ George Roeding, kí Smyrna tó bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé níbẹ̀.

Parthenocarpy ni pé kí òdòdó abo di èso láìjẹ́ pé ìyẹ̀ akọ kàn án. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn ohun dúdú kéékèèké àárín rẹ̀ ni ì bá di kóró. Ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n ń pè ní common fig náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, Brown Turkey, Celeste, Kadota àti Chicago Hardy sì wà lára wọn. Kóró wọn tí ń ró lábẹ́ eyín yẹn, òfìfo ni, kò lè hù. Irú kẹta wà, San Pedro, tí èso àkọ́so rẹ̀ kò nílò agbọ́n àmọ́ tí èyí tó tẹ̀ lé e nílò rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń gbé, common fig nìkan ló lérè, Brown Turkey ni mo sì máa ní kẹ́ ẹ rà. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò kí gbòǹgbò rẹ̀ má ráyè tàn jù, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ń pa láti gúúsù. Bí èso bá rẹ̀ dànù níbẹ̀, ẹ má fi agbọ́n ṣe àwáwí o: òtútù ni, tàbí omi tí kò tó. Bí oṣù kọkànlá bá dé, ẹ já àwọn èso ńlá tí kò pọ́n kúrò. Àwọn tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ, tó wà lórí ṣóńṣó ẹ̀ka, ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, torí àwọn ló máa pọ́n nígbà ooru ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn kan máa ń gbin kóró ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ tí wọ́n rà lọ́jà. Ti Tọ́kì tí agbọ́n ti bá ṣiṣẹ́ máa ń hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì á jẹ́ akọ tí kò ṣe é jẹ, ìyókù lè máa retí agbọ́n tí kò sí ládùúgbò. Ọdún mélòó kan á ti lọ kẹ́ ẹ tó mọ èyí tẹ́ ẹ gbìn. Ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ wá, èyí tó ní ojú mẹ́ta sí mẹ́rin, lára igi tẹ́ ẹ mọ orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí igi ẹ̀gẹ́. Bí igi tó bí i bá ń so láìsí agbọ́n, òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta igi lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ béèrè orúkọ irú tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá ní ọ̀pọ̀tọ́ ṣáà ni, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.