Bí 2,147,483,647 Ṣe Dé Inú Fóònù Wa

Bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí o máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí o bá ti ṣe é nígbà 31, yọ 1 kúrò. Ohun tó kù ni 2,147,483,647. Nọ́ńbà práìmù ni: àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí èyí tó lè pín in tí kò ní ṣẹ́ kù.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Yábàá máa ń rò pé bí iye ìgbà náà bá ti jẹ́ práìmù, èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù. Mo máa ń ní kí wọ́n fi 11 dán an wò. 2,047 ló máa jáde, 23 lọ́nà 89 sì ni. Ẹ wá wo 23 àti 89 yẹn dáadáa. Bí a bá yọ 1 kúrò lára wọn, 22 àti 88 ló kù; 22 jẹ́ 11 lọ́nà méjì, 88 sì jẹ́ 22 lọ́nà mẹ́rin. Kì í ṣe èèṣì rárá, òfin ni: bí iye ìgbà bá jẹ́ práìmù tó ju 2 lọ, práìmù tó bá pín èsì, tí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, ìlọ́po iye ìgbà náà lọ́nà méjì ló máa pín in tán.

Òfin yìí ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, gbá mú. Lọ́dún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà Kátólíìkì ní ilẹ̀ Faransé, ti ka 31 mọ́ àwọn iye tó ń bí práìmù, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀rí hàn, ó sì ṣì í lórí 67 àti 257. Euler ló fìdí ti 31 múlẹ̀ láti St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, nínú lẹ́tà sí Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1772. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó dá. Kò sídìí láti dán nọ́ńbà kankan wò kọjá 46,340, nítorí bí èyí tó tóbi bá lè pín in, èyí tó kéré á ti kọ́kọ́ pín in. Práìmù tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ lé ní 4,700. Ṣùgbọ́n òfin yẹn, pẹ̀lú òmíràn tó jọ ọ́, sọ pé àfi èyí tí a bá fi 248 pín tó ṣẹ́ 1 tàbí 63 kù ló lè pín in. Práìmù tó wá kù láti dán wò kò tó 100! 311 ló ṣáájú: ó wọ̀ ọ́ nígbà 6,905,092, ó ṣẹ́ 35. 1,303 ló tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó pín in tán.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó mọ práìmù tó tóbi ju 2,147,483,647 lọ. Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ní Ìlú Ọba, tilẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 1811 pé nọ́ńbà pípé (èyí tí àròpọ̀ àwọn tó lè pín in, láìka òun fúnra rẹ̀, jẹ́ òun gan-an) tó ti ara rẹ̀ jáde ló ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó tóbi jù tí a máa rí láé, torí irú wọn kò wúlò fún nǹkan kan.

Ìwúlò dé nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Nínú bíìtì 32 (bíìtì ni ààyè kékeré tó ń gba 0 tàbí 1), ọ̀kan ń sọ bóyá nọ́ńbà dín sí òdo, 31 ló kù fún kíkà, nítorí náà 2,147,483,647 ni òpin ohun tó lè kà. Jíjẹ́ práìmù rẹ̀ kọ́ ló fà á, ìlọ́po méjì yẹn ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fi bíìtì 32 bẹ́ẹ̀ ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Ní aago Èkó, kíkà náà máa kún ní 4:14:07 ìdájí ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038, ẹ̀rọ tí wọn kò bá tíì tún ṣe á sì rò pé 1901 la wà. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà, ti ń lo bíìtì 64. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n dè mọ́ ògiri ilé-iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í tú wò, ni kí àwọn oníṣẹ́ wa tètè lọ yẹ̀ wò.